Ta Ló Jáde Lọ Wò Ó?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ wá síbí ní ọ̀sán Sátidé, ẹ̀yin ni mo kí jù. Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ojú ọjọ́ àti ìgbésí ayé ẹ̀dá. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ̀ ju ẹnu mi lọ. Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú: orí òkè kan tí mọ́tò kò ní rìn ju nǹkan bí wákàtí mẹ́ta láti Boston níbí kó tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbé lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru, tẹ̀ẹ̀rùn tòtútù, nítorí kí wọ́n lè máa jáde lọ wo ojú ọjọ́ ní wákàtí wákàtí.

Kí n tó gun òkè náà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ojú ọjọ́ ní pápákọ̀ òfurufú kan nílé. Iṣẹ́ náà kò le láti ṣàlàyé. Kí aago tó lù, o gbé tọ́ọ̀ṣì, o jáde lọ sídìí àpótí funfun kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin láàárín koríko. O ṣí i, o ka tẹmómítà méjì, ọ̀kan gbẹ, ìkejì ní aṣọ tútù tí wọ́n fi wé e lórí. O gbójú sókè wo ìkúukùu, irú èyí tó jẹ́ àti bó ṣe ga tó. O wo bí ojú ṣe ríran jìnnà tó. O padà wọlé, o kọ ọ́ sínú ìwé, o fi ránṣẹ́. O jókòó. Kó o tó mu tíì tán, aago tún fẹ́ lù.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, aago mẹ́ta ń lọ lù, òjò ń rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n dojú àgbá omi délẹ̀. Mo wo ìwé. Aago kan, ìwọ̀n 23. Aago méjì, ìwọ̀n 23. Mo ní kí ni aago mẹ́ta fẹ́ jẹ́ bí kò bá jẹ́ 23? Mo kọ 23, mo fi ránṣẹ́, mo káwọ́ lérí, mo sùn díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá wa dé. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọn kì í pariwo. Wọ́n wo ìwé, wọ́n wo bàtà mi tó gbẹ fúrúfúrú, wọ́n wo kóòtù òjò tó fi kọ́ sára ìṣó láìní ẹ̀kán omi kankan lára. Wọ́n ní, "Ta ló jáde lọ wò ó?" Wọn ò sọ nǹkan mìíràn títí wọ́n fi lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mi ò tíì dáhùn.

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé gun Òkè Washington, òun náà ni mo fẹ́ kí ẹ fi gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí.

Ìpínlẹ̀ New Hampshire ni òkè náà wà, láàárín àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní White Mountains. Agiocochook ni orúkọ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pè é kí òyìnbó tó fi orúkọ ààrẹ wọn àkọ́kọ́ sọ ọ́. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,917, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 6,288. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, Olúmọ yín, tí ìwé sọ pé orí rẹ̀ fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ, bí ẹ bá to mẹ́rìnlá irú rẹ̀ léra, ẹ débẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó mọ àwọn òkè ayé, Òkè Washington kò ga. Kilimanjaro fi í ṣe ìlọ́po mẹ́ta. Ibi tó dúró sí ló mú kí wọ́n máa bẹ̀rù rẹ̀.

Ojú ọ̀nà ìjì ló dúró sí. Àwọn ìjì kan ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, wọ́n gba orí àwọn adágún ńlá kọjá. Àwọn mìíràn ń gun etí òkun Atlantic bọ̀ láti gúúsù. Otútù ń sọ̀ kalẹ̀ láti Kánádà. Agbègbè yẹn ni gbogbo wọn ti ń pàdé, bí ìgbà tí ọ̀nà mẹ́ta bá pàdé ní oríta. Àwọn òkè náà sì tò láti àríwá sí gúúsù bí ògiri, afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn kò rí ibi yà sí, orí ògiri yẹn ló gbọ́dọ̀ gbà. Ṣé ẹ ti fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi rí, nígbà tí ẹ ń fọ mọ́tò? Omi kan náà ni, ẹnu rẹ̀ ló kéré sí i, ló bá ń ta dé ìdí ògiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ṣe há sáàárín orí òkè àti ìpele òfurufú tó wà lókè rẹ̀, tó sì sáré.

Àwọn baba wa a máa ki Ọya ní ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí í dági lókè lókè. Lórí òkè yìí, kò sí igi tí yóò dá. Igi ti tán kéèyàn tó dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, òkúta àti koríko tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ ló kù. Bí ẹ bá ṣírò afẹ́fẹ́ gbogbo ọdún pọ̀ tí ẹ pín in, ó ń sáré ní nǹkan bíi kìlómítà 56 ní wákàtí kan, ọjọ́ tó dákẹ́ wà nínú rẹ̀ o. Ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọjọ́ inú ọdún, ó ń kọjá kìlómítà 120, ìyẹn agbára ìjì tó ń ká òrùlé. Kùrukùru ń bo orí òkè náà ju ìdajì àkókò lọ. Ìwọ̀n otútù gbogbo ọdún, bí ẹ bá pín in, ó wà lábẹ́ òdo. Òjò dídì tó ń bọ́ síbẹ̀ lọ́dún kan ga tó mítà méje.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òjò dídì yìí, nítorí èdè wa fún mi níṣẹ́ ṣe nígbà tí mò ń múra ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Yìnyín la ń pe èyí tó ń bọ́ pẹ̀lú òjò, tí ọmọdé ń ṣà jẹ. Yìnyín náà la ń pe èyí tó wà nínú fíríìjì. Òjò dídì ni Bíbélì pe èyí tó ń bọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Èyí tó ń yọ àwọn òṣìṣẹ́ orí òkè lẹ́nu jù kò sí nínú gbogbo wọn. Inú kùrukùru ló ti ń wá. Ẹ̀kán omi tó wà nínú kùrukùru náà ti tutù kọjá ibi tó yẹ kí omi ti dì, ṣùgbọ́n kò tíì rí ohun tí yóò dì mọ́. Bó bá ti kan irin, okùn, ògiri, tàbí irùngbọ̀n ènìyàn, ó dì lójú ẹsẹ̀. Òmíràn dé, ó dì mọ́ ti àkọ́kọ́. Ó ń hù bí ìyẹ́ adìyẹ, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ló sì ń hù lọ, kì í hù sẹ́yìn. Kùrukùru dídì ni èmi ń pè é. Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó sọ fún mi lẹ́yìn ìpàdé, màá fi ṣàtúnṣe ìwé mi.

Òun ni ọ̀tá ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí a ń lò nílé láti fi wọn afẹ́fẹ́, tó ní ife mẹ́ta tó ń yí po, bí ẹ bá gbé e sórí òkè yẹn lóṣù Kínní, kí wákàtí kan tó pé ó ti di òkìtì funfun, kò yí mọ́, ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ ò sí nígbà tí afẹ́fẹ́ ń gbé òkúta. Irọ́ gbáà. Èyí tí wọ́n ń lò níbẹ̀ báyìí jẹ́ ọ̀pá oníhò kan tó máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń tì wọ inú ihò náà tó ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe ń sáré tó. Iná mànàmáná ń mú un gbóná kí ó má baà dì. Síbẹ̀ náà ó ń dì, tàbí kí ohun tó yí i ká dì títí yóò fi dí i lẹ́nu. Nígbà náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ mú ọ̀pá irin tàbí òòlù, kó gun àkàsọ̀ ilé ìṣọ́ náà jáde sínú afẹ́fẹ́, kó lọ gbá yìnyín kúrò. Bí ìjì bá le, wákàtí wákàtí ni wọ́n ń lọ, ìgbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn sójà Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti kọ́kọ́ gbé lórí òkè yẹn láti ọdún 1870 títí di 1892, kí wọ́n tó kó ẹrù wọn kúrò. Ogójì ọdún kọjá. Ní ọdún 1932, àwọn ọkùnrin mẹ́rin, Bob Monahan, Sal Pagliuca, Alex McKenzie àti Joe Dodge, ni wọ́n tún dá ibùdó náà sílẹ̀. Ilé pákó kékeré ni wọ́n ń gbé. Ṣéènì irin ni wọ́n gbé kọjá lórí òrùlé rẹ̀, wọ́n dè é mọ́ àpáta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ṣéènì! Bí ìgbà tí wọ́n dè ẹrù mọ́ ẹ̀yìn tírélà.

Wọn ò tíì pé ọdún méjì níbẹ̀ nígbà tí ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin ọdún 1934 dé. Ẹ óò gbọ́ nípa ọjọ́ yìí níbikíbi tí wọ́n bá ti dárúkọ òkè náà, nọ́ńbà kan ni wọn yóò sì sọ fún yín: 231 máìlì ní wákàtí kan, ìyẹn kìlómítà 372. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti wọn afẹ́fẹ́ tó yára tó bẹ́ẹ̀ lójú ilẹ̀ ayé títí di ọdún 1996, nígbà tí ìjì kan ní erékùṣù Barrow ní Ọsirélíà dé kìlómítà 408. Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ nìkan ló rí ti Ọsirélíà, kò sí ènìyàn nítòsí rẹ̀. Èyí tí ènìyàn jókòó tì, tó fi ojú rẹ̀ rí, ti Òkè Washington ni.

Èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ ka 231 yẹn sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rò. Wendell Stephenson ló wà lẹ́nu iṣẹ́ òru. Ó wo ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní 105 máìlì. Ó tẹ́tí sí ilé, bó ṣe ń mì àti bó ṣe ń ké. Etí rẹ̀ sọ fún un pé nọ́ńbà yẹn kéré jù. Ẹ wò ó dáadáa: nọ́ńbà wà níwájú rẹ̀, nọ́ńbà tó tóbi tó láti kọ sínú ìwé láìsí ẹni tí yóò bá a wí. Ilé gbóná díẹ̀, ìta dúdú. Ẹni tó bá kọ 105 tó padà jókòó kò purọ́, ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí gbé kóòtù wọ̀, ó mú kùmọ̀ pákó kan, ó ṣílẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dìde, ó gun àkàsọ̀ dé orí òrùlé, ó dì í mú lọ́wọ́ kan, ó ń fi kùmọ̀ gbá yìnyín lára ẹ̀rọ lọ́wọ́ kejì. Nígbà tó padà wọlé tó wo ẹ̀rọ, 150 ló rí.

Ká ní kò jáde ni, àwọn yòókù ì bá jí lówùúrọ̀, wọn ì bá máa wo ẹ̀rọ tí yìnyín ti dí lẹ́nu. Aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 21 ni 231 dé. Pagliuca àti McKenzie ń fi aago ìdíje ka bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dún tà, tà, tà. Ohun tí Pagliuca kọ sínú ìwé lọ́jọ́ yẹn, iyèméjì ló kún inú rẹ̀: ṣé wọn yóò gbà wá gbọ́, ṣé aago wa pé, ṣé ọ̀nà tí mo gbà kà á tọ́? Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sọ̀kalẹ̀ lọ fún ìjọba kí wọ́n dán an wò, wọ́n dán an wò, ó pé. Mo fẹ́ràn ọkùnrin tó rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, tó sì jẹ́ pé ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ bi léèrè.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀ lóde òní? Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìpààrọ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì ni wọ́n, bí ọ̀kan bá gòkè, èkejì á sọ̀ kalẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ́tò ń gun títì tó lọ sókè, títì kìlómítà 12 tí wọ́n ti là láti ọdún 1861. Nígbà òtútù, katakata ńlá kan tó ń fi bẹ́líìtì irin rìn dípò táyà ló ń gbé wọn, ó ń fi abẹ́ iwájú rẹ̀ ti òjò dídì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń lọ. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára ó yá. Nígbà tí kò bá dára, awakọ̀ kì í rí iwájú, wọ́n á dúró, wọ́n á dúró, nígbà mìíràn wọ́n á padà, ẹni tó ti di ẹrù rẹ̀ pé òun ń lọ sílé lónìí á tú u.

Kọńkéré ni ilé ìsinsìnyí, ọdún 1980 ni wọ́n kọ́ ọ, ibi tí wọ́n ń sùn sì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Wákàtí méjìlá ni ẹni ọ̀sán ń ṣe, wákàtí méjìlá ni ẹni òru. Nígbà òtútù, àwọn méjì tí wọn kì í gba owó oṣù máa ń bá wọn gòkè láti dáná fún wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á fọ abọ́. Mo bi ara mi pé irú ènìyàn wo ló máa ń fi ìsinmi rẹ̀ lọ dáná fún àjòjì lórí òkè yìnyín. Ìyá ìjọ ni, kò sí irú wọn méjì, ó kàn jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n.

Ológbò náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ibùdó yẹn ti máa ń ní ológbò. Marty, dúdú kirikiri, ló wà níbẹ̀ títí di ọdún 2020. Ní 2021 Nimbus dé, aláwọ̀ eérú. Mo rí àwọn kan tí wọ́n fajú ro nígbà tí mo dárúkọ ológbò dúdú. Ẹ fọkàn balẹ̀, eku ló ń pa.

Iṣẹ́ wákàtí wákàtí náà ni mo mọ̀ jù, torí iṣẹ́ tèmi náà ni. Kí aago tó lù wọ́n á jáde sórí pèpéle ìta. Àpótí funfun ti ilé wa kò wúlò níbẹ̀ lásìkò òtútù, yìnyín á dí i pa. Tẹmómítà méjì tí wọ́n so mọ́ ara wọn, tó ní ọwọ́ ìmú, ni wọ́n ń jù yípo nínú afẹ́fẹ́, wọ́n á kà á kíákíá. Wọ́n á wo bí ojú ṣe ríran tó. Ní pápákọ̀ wa, a ní tánkì omi kan tí a mọ̀ pé kìlómítà méjì ni, a ní òkè kan tí a mọ̀ pé mẹ́sàn-án ni: tó o bá rí tánkì tó ò rí òkè, o ti mọ ohun tí wàá kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ òkè tiwọn wà ní ìpínlẹ̀ New York àti ní ààlà Kánádà, lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá sì mọ́ gaara wọ́n ń rí òkun Atlantic. Ìgbà mìíràn ìkúukùu wà nísàlẹ̀ wọn, ó tẹ́ lọ bí òkun funfun, orí òkè díẹ̀ ló yọ síta. Ọ̀nà tí a gbà ń kọ ìkúukùu nílé kò kọ́ mi ní irú èyí rí. Èmi lókè, òun nísàlẹ̀!

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, wọ́n á lọ gbé agolo ńlá kan wọlé, wọ́n á yọ́ ohun tó bọ́ sínú rẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Láàárọ̀, wọ́n á kọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ fún orí àwọn òkè, wọ́n á kà á sórí rédíò. Ẹ má fojú kéré ìyẹn. Láti ọdún 1849 ó ti ju 150 ènìyàn lọ tó kú lórí òkè yìí àti àwọn òkè tó yí i ká, àwọn kan nínú wọn fi ṣòkòtò péńpé gòkè lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Boston níbí lọ́jọ́ kẹrin oṣù Kejì ọdún 2023, ẹ rántí òwúrọ̀ yẹn. Ìwọ̀n 23 lábẹ́ òdo. Ọmọ mi ní mọ́tò òun kò dún rárá. Lórí òkè, ó jẹ́ 44 lábẹ́ òdo, bákan náà pẹ̀lú otútù tí wọ́n rí lóṣù Kínní ọdún 1934. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ju kìlómítà 200 lọ nínú alẹ́ yẹn, bó sì ṣe ń kan ara dà bíi 78 lábẹ́ òdo. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni: ẹnìkan wà níbẹ̀ tó jí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n fò kọjá òkun, torí gbèsè kan wà tí iṣẹ́ wa jẹ ní Sikọ́tíláǹdì. Àpótí funfun tí mo sọ, tó wà ní gbogbo ibùdó ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, Thomas Stevenson, ẹnjiníà tó ń kọ́ ilé iná etí òkun, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ ojú ọjọ́ Sikọ́tíláǹdì ni, ẹgbẹ́ yẹn ló sì kọ́ ibùdó sórí Ben Nevis, òkè tó ga jù ní Bìrìtéènì, mítà 1,345.

Kí wọ́n tó kọ́ ọ, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Clement Wragge. Lójoojúmọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1881, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà dé àárín oṣù Kẹwàá, ó ń fi ẹsẹ̀ gun òkè náà láti Fort William, ìlú tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ka ẹ̀rọ lọ sókè, ó ń kà á bọ̀ nísàlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń ka ti ìsàlẹ̀ ní àkókò kan náà kí wọ́n lè fi wé ara wọn. Wọ́n fún Wragge ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Mi ò gbọ́ pé wọ́n fún ìyàwó rẹ̀ ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ọkùnrin yìí lọ sí Ọsirélíà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ènìyàn pe ìjì, tó fi mọ́ orúkọ àwọn olóṣèlú tí kò fẹ́ràn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ àwọn tí ẹ̀yin náà ì bá fi sọ ọ́.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1883 ni wọ́n ṣí ibùdó náà, wákàtí wákàtí ni wọ́n sì ń kà á fún ọdún mọ́kànlélógún tó tẹ̀lé e. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan ju mílímítà 4,000 lọ, ìlọ́po mẹ́ta ti Ìbàdàn. Nígbà òtútù òjò dídì ń bo ilẹ̀kùn, orí ilé ìṣọ́ ni wọ́n ń gbà jáde. Wọ́n gbé àpótí Stevenson kọ́ sára ohun tó dà bí àkàsọ̀ kí wọ́n lè máa sún un sókè bí òjò dídì bá ṣe ń ga sí i. Mo fojú inú wo èyí títí: ènìyàn tó ń sún àpótí sókè, tó ń sún un sókè, kí nọ́ńbà lè jẹ́ òótọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1894, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, C. T. R. Wilson, wá bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó rí i bí oòrùn ṣe ta òjìji ènìyàn sórí kùrukùru tó wà nísàlẹ̀, tí àwọ̀ bí òṣùmàrè sì yí orí òjìji náà ká. Ó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí. Ibi tó ti ń ṣe kùrukùru nínú ìgò ló ti ṣe ohun tí àwọn onímọ̀ fi rí ipa ọ̀nà àwọn ohun tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1927. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Ó jáde lọ wò ó.

Owó ló pa Ben Nevis. Ìjọba ò fún wọn ní èyí tó tó, wọ́n ti í ní 1904, àwókù òkúta rẹ̀ ló kù lónìí. Ṣùgbọ́n ìwé wọn kò sọnù. Ní 2017, àwọn onímọ̀ gbé fọ́tò àwọn ojú ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jókòó sílé wọn, wọ́n ń tẹ nọ́ńbà yẹn wọ kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ń wo bí ayé ṣe ń gbóná lè rí ohun tí wọn yóò fi wé ti òde òní. Ẹni tó kọ nọ́ńbà kan ní aago mẹ́ta òru lọ́dún 1890 kò mọ̀ pé obìnrin kan yóò tẹ̀ ẹ́ nínú kíṣìnnì rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 127. Mo rántí 23 tèmi. Inú ìwé ni òun náà wà, kò sí ẹni tó lè yà á sọ́tọ̀ lára àwọn tó jẹ́ òótọ́.

Àwọn kan yóò bi mí pé kí ni ènìyàn ṣì ń wá lórí òkè nígbà tí ẹ̀rọ ti gba gbogbo iṣẹ́. Ìbéèrè gidi ni. Ní Japan, ọdún 1932 kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lórí òkè Fuji, mítà 3,776. Ní 2004 wọ́n kó ènìyàn kúrò, ẹ̀rọ nìkan ló kù. Mi ò bá wọn jà. Ní ibi tí kò bá ti sí yìnyín, ẹ̀rọ sàn ju òṣìṣẹ́ tó ń tòògbé lọ, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìtàn mi. Lórí Òkè Washington ni mo ti yapa. Ẹ̀rọ tí kùrukùru ti dì pa kò mọ̀ pé òun ti kú. Yóò máa ka nọ́ńbà rẹ̀ lọ ni, láìtijú.

Mo dé ibẹ̀ lóṣù Keje tó kọjá. Ọmọ mi ló wà mí gun títì náà, mo dijú ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ torí kò sí irin ìdènà létí rẹ̀. Nísàlẹ̀ a ń làágùn. Lókè kùrukùru bo gbogbo rẹ̀, mo yá súẹ́tà ọmọ mi wọ̀, apá rẹ̀ gùn jù. Mo dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn pèpéle títí aago fi ń lọ lù. Ọmọbìnrin kan jáde, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ó ń ju tẹmómítà méjèèjì yípo bí ọmọ tó ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko. Ó dá a dúró, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó kà á, ó tún jù ú, ó tún kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì! Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń wò ó àfi arúgbó kan tó wọ súẹ́tà ọlọ́mọ.

Mo bi í pé mélòó ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìwọ̀n méje. Ìgbà tí mo mọ ara mi, bírò ti wà lọ́wọ́ mi, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún wa lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́. Ó wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi níbí. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá bá mi.

Mo rí ọwọ́ tó ti wà lókè lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ yín, sà.